Eyín Inú Ìpìlẹ̀ Wa

Orín ni mo ń run láàárọ̀ yìí tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin fi sọ sí mi lọ́kàn. Àgbò ni wọ́n ń tà ní Bẹ́ẹ̀rẹ́, àdúgbò wa, wọn kì í sì í ra ọ̀kan láìya ẹnu rẹ̀ wo ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ọkọ ìyàwó bá wá tọrọ ọmọ nílé wa, wọ́n á ní kó rẹ́rìn-ín. "Ẹnu a máa purọ́," ni wọ́n máa ń wí, "eyín kì í pa á."

Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, à ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ yàrá tuntun, ọkọ́ sì hú egungun àgbọ̀n ènìyàn kan jáde. Inú yàrá ilé ẹni ni a ń sin òkú nígbà náà, ẹni tó bá ni òkú ló ni ilẹ̀, nítorí náà aládùúgbò wa kan sáré dé.

"Bàbá wa àgbà nìyẹn. Ilẹ̀ wa lẹ̀ ń gbẹ́."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi omi ṣan egungun náà, wọ́n fi àtàǹpàkò ra eyín rẹ̀.

"Ṣé bàbá yín tí ẹ ní wọ́n gbé ọmọ ọmọ ọmọ wọn jó?"

"Àwọn gan-an."

"Eyín tó kẹ́yìn kò tíì hù tán, àwọn yòókù ṣì mú. Àbí ẹ̀kọ mímu nìkan ni bàbá fi darúgbó?"

Ọkùnrin náà ti fi ọjọ́ orí bàbá rẹ̀ yangàn káàkiri Bẹ́ẹ̀rẹ́, kò lè sọ ọ́ di ọ̀dọ́ mọ́. Ó lọ. A sin egungun náà padà, a sì mọ ògiri wa.

Mo bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé ta ni nínú ẹbí wa ló kú ní ọ̀dọ́.

Wọ́n ní, "Èmi ò sọ pé ará ilé wa ni. Lọ da omi yẹn nù."