Rìsíìtì Tí Mo Pè Ní Ìwé Òde

Bàbá wa pín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sí ọ̀nà méjì nígbà tí a ṣì kéré. Ó fi ẹ̀gbọ́n mi sí ilé-kéwú, ó fi èmi sí ilé-ìwé ìjọba. Ó ní ilé tó bá ń ṣòwò ní ìlú onílùú gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kó sì ní ẹni tí yóò bá ìjọba sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti jáde ìwé, gbogbo ìwé òyìnbó tó bá wọ agbo-ilé wa ní Aboabo, ní Kumasi ní ilẹ̀ Ghana, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá: ìwé iná, ìwé ilé-ìwòsàn, ìwé ọmọ tí wọ́n lé wálé láti iléèwé. Bí mo bá ti ní báyìí ni ìwé wí, báyìí náà ni. Kò sí ẹni tó lè yẹ̀ mí wò.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè mí ní Akọ̀wé mi. Ó dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí mi kó tó wọlé wa, nítorí náà ọkọ ni mo jẹ́ fún un, kì í pe orúkọ mi. Èmi náà kò lè fojú kékeré wò ó. Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe ń bá ara wa sọ "ẹ" káàkiri ilé. Lomé ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn ọmọ Ìlọrin tó wà níbẹ̀. Kò rí iléèwé lọ rárá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Ewe bí onílẹ̀, ó gbọ́ Faransé inú ọjà, ó gbọ́ Twi àti Haúsá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àbúrò rẹ̀ obìnrin bí àkọ́bí ní Lomé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ débẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ìkómọ ní ọjọ́ kẹjọ. Nígbà náà, èmi ni mo ń tọ́jú ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́bàá Adum láàárín ìlú, níbi tí a ti ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ àti ti alùpùpù. Ẹ̀gbọ́n mi ti fún mi ní alùpùpù àlòkù kan tí mo fi ń gbé ọjà fún àwọn oníbàárà.

"Kí ni n ó máa wọ ọkọ̀ mẹ́ta fún?" ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wí bí a ti ń jẹun. "Akọ̀wé mi á gbé mi lọ. Àbí ẹrù mi ló ń bà yín lẹ́rù?"

"Èmi kẹ̀? Bí ẹ bá ti lè di ìbàdí mi mú."

"Etí ẹ̀wù rẹ̀ ni kó o dì mú," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti ṣòwò dé Lomé, ó sì ti dé Kútọnu. Nígbà tó fọwọ́ tán, ó pè mí jókòó. "Ẹnubodè kì í ṣe ọjà Kejetia wa níbí o. Láísẹ́ǹsì gidi ni wọ́n máa béèrè, kì í ṣe ti akọ́ṣẹ́. Wọ́n á béèrè ìwé máṣíìnì, kí wọ́n lè mọ̀ pé tiwa ni. Wọ́n á béèrè ínṣọ́ránsì ti Ghana. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti òde, èyí tí wọ́n ń pè ní káàdì búráùn. Bí o bá kọlu èèyàn ní ìlú wọn, òun ló máa gbẹnu sọ fún ọ. Bí kò bá sí, ẹ ò lọ. Ọkọ̀ èrò wà."

Mo ní mo ti gbọ́.

Láísẹ́ǹsì gidi yẹn gan-an ni mi ò ní; ti akọ́ṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Ilé rò pé mo ní in. Mo ti lọ ṣe ìdánwò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n to àgbá sórí pápá, wọ́n ní kí n yí wọn po láìfi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níbi àgbá kejì. Ọ̀gá tó ń wò wá ké mọ́ mi ní Twi pé kí n lọ kọ́ ọ sí i: "Kɔ sua bio!" Awakọ̀ takisí kan tó ń dúró de ìdánwò tirẹ̀ sì pariwo pé, "Ẹ wo Ànàgó! Wọ́n ní kó gun máṣíìnì, ó ń fi ẹsẹ̀ tu ọkọ̀ ojú omi!" Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì ti alùpùpù mi kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo ní mo ti yege. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì tí ẹ̀gbọ́n mi bá mi sọ̀rọ̀, mo lọ sí ọ́fíìsì oníńṣọ́ránsì kan ní Adum. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kọ ti Ghana fún mi kíá, ó sì já rìsíìtì. Nígbà tí mo béèrè káàdì búráùn, ó ní kí n mú láísẹ́ǹsì wá. Mo fún un ní ti akọ́ṣẹ́. Ó wò ó, ó wò mí.

"Ọ̀rẹ́, ìwé yìí ò gbà ọ́ láyè láti gbé èèyàn sẹ́yìn ní Kumasi níbí, áḿbọ̀sì Lomé. Lọ ṣe ìdánwò. Bí o bá yege, padà wá. Káàdì náà ò ní pẹ́."

Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, bóyá inú ì bá bí mi tí n ó fi lọ ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀ ká tó gbéra. Mo rò ó bí mo ti ń rìn lọ sí ìsọ̀, mo sì rí pápá yẹn àti ẹ̀rín yẹn. Mo kó ìwé mi sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi tú u wò. Èdè Lárúbáwá ló lè kà. Ojú lásán ló fi ń wo ti òyìnbó. "Èwo ni ti òde?"

Mo nawọ́ sí rìsíìtì. "Èyí ti Ghana, èyí ti òde. Láísẹ́ǹsì rèé."

Ó di ẹnu ọ̀rá náà, ó fi lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. "Ìwọ ni kó o máa mú un. Ọkùnrin máa ń gbàgbé nǹkan." Ìyàwó rẹ̀ fi í sínú àpò kékeré tó ń so mọ́ ìdí lábẹ́ ìró.

A kúrò ní Kumasi lẹ́yìn ìrun àsùbáà, a sùn ní Accra lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Nima. Akoto kan ṣoṣo la ní, orí mi ló wà. Mo ní kí ó dé e, ó ní òun ò lè ba gèlè òun jẹ́. Mi ò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì a dé Aflao, ẹnubodè Ghana àti Tógò. Mo ń gbàdúrà pé kí wọ́n dá wa padà níbẹ̀, kí n lè dẹ́bi fún wọn.

Àwọn ti Ghana wo ìwé, wọ́n ní ká máa lọ. Ní ìhà kejì, ọ̀gá kan dá wa dúró, ó béèrè nǹkan. Kí n tó lanu, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti fi Ewe dá a lóhùn. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó gbé igi tó dí ọ̀nà fún wa.

"Kí ló wí?" ni mo bi í.

"Ó ní ṣé ìwé yín pé. Mo ní ó pé pérépéré, pé akọ̀wé ni ọkọ mi. Mo ní ìkómọ là ń lọ, kó wá jẹ nínú ẹran."

Ó gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́ láti fi yìn mí.

Ọ̀nà náà gba etí òkun. Afẹ́fẹ́ ti gbá yanrìn sórí ọ̀dà. Káfíńtà kan já láti àdúgbò lórí kẹ̀kẹ́, ó gbé pákó sí èjìká. Ó yẹ kí n dẹ eré kí n sì yí gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ohun tí wọ́n to àgbá fún lórí pápá náà kò ju ìyẹn lọ. Bíréèkì iwájú ni mo fà. Mo gbọ́ ìró pákó, mo gbọ́ ohùn ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí mo sì la ojú, ilẹ̀ ni mo wà, àgbọ̀n mi ń ṣẹ̀jẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn tó ṣe mí. Káfíńtà náà jókòó, ó di èjìká rẹ̀ mú. Alùpùpù wà lórí ẹsẹ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn èèyàn gbé alùpùpù náà kúrò. Ẹsẹ̀ náà ti yí sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí.

Ọlọ́pàá dé. Ó béèrè káàdì. Láti ilẹ̀ tó wà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ń tú àpò ìdí rẹ̀. "Ó wà lọ́wọ́ mi," ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá, ó tún sọ ọ́ ní Ewe. "Akọ̀wé mi ti ṣe é. Ó wà níbí." Ó na ọ̀rá náà sókè sí i.

Ọlọ́pàá yọ rìsíìtì, ó yí i padà, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Èmi mọ ohun tó wà nínú ìwé, mi ò gbọ́ ohun tí ọlọ́pàá wí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yí ojú sí mi. Mo wo yanrìn. Lẹ́yìn náà ó dá ọlọ́pàá lóhùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn díẹ̀, àwọn tó dúró yí wa ká mi orí, ẹnì kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Àbúrò rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn ọjọ́ méjì, nígbà tí wọ́n wá gbà mí ní tẹ́ṣàn tí ọlọ́pàá fi mí sí. Ohun tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wí fún ọlọ́pàá ni pé ọkọ òun gba káàdì náà, òun aláìmọ̀wé ni òun fi í wé àkàrà kóòsè jẹ ní Accra, pé òun rò pé rìsíìtì ni. Wọ́n gba alùpùpù. Wọ́n tà á láti fi tọ́jú èjìká káfíńtà, ẹbí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sì bẹ̀bẹ̀ fún ìyókù. Ìkómọ ti kọjá. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé-ìwòsàn ló ti gbọ́ orúkọ ọmọ.

Mo lọ bá a níbẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ì bá jù yín sẹ́wọ̀n. Ojú wo ni n ó fi wo ìyá yín?"

"Tí a bá délé, màá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ sọ ọ́," ó ní. "Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́. Kì í ṣe èmi."

A délé lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀. Ẹsẹ̀ náà ti jinná, ṣùgbọ́n ó kúrú. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè ọ̀rọ̀ káàdì lójú gbogbo agbo-ilé. Ìyàwó rẹ̀ wò mí. Àyè wà níbẹ̀ fún mi láti sọ̀rọ̀. Nígbà tí mi ò sọ nǹkan, ó sọ ọ̀rọ̀ kóòsè.

"Ìwé òde!" ni ẹ̀gbọ́n mi kígbe. "Ìwé tí ọmọ yìí fi làágùn gbà, o fi wé kóòsè! Àìmọ̀wé burú o!"

Àwọn ìyàwó ilé rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Afìwé-wé-kóòsè. Bí ó bá ń tiro lọ sí ìdí omi, wọn á ní, "Afìwé-wé-kóòsè, rọra o, ìwé wà nílẹ̀!" Òun náà á fèsì pé kí wọ́n mú un wá, ebi ń pa òun. Wọ́n ṣì ń gbé ìwé wá fún mi láti kà. Mo ń kà á.

Ọdún kan kọjá kí ìránṣẹ́ tó dé láti Lomé pé ìyá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàìsàn, ó ń béèrè rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi kó lè lọ.

"Rárá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹni tí kò mọ ìwé yàtọ̀ sí ìwé kì í dá kọjá ẹnubodè. Èwo lo tún máa fi jẹun lọ́tẹ̀ yìí?"

Kò bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ kúkúrú yẹn kò sì jẹ́ kó yá. Ibẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí káàdì kankan. Rìsíìtì ni mo fi hàn yín. Mi ò ní láísẹ́ǹsì gidi rí."

Ẹ̀gbọ́n mi ò wò mí. Ìyàwó rẹ̀ ló wò. "O sì purọ́ fún mi lọ́dún kan gbáko?"

"Ká ní mo sọ òótọ́ nígbà náà," ni obìnrin náà wí, "ṣé èmi lẹ máa gbà gbọ́ ni, àbí ẹni tó ń kàwé fún yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi yí sí mi, ó ní, "Ẹ lọ. Ọkọ̀ èrò. Ìwọ lo máa ru ẹrù rẹ̀."

Mo rù ú. Ní Aflao a bọ́ sílẹ̀, a tò. Wọ́n fún un ní ìwé kan láti tẹ̀ka sí. Èmi dúró tì í pẹ̀lú àpótí rẹ̀ lórí mi. Ó yí sí obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí, tó wà lẹ́yìn wa nínú ìlà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá," ó sọ fún un ní Ewe, mo ti gbọ́ ìwọ̀nba yẹn nígbà náà, "ẹ bá mi ka ohun tó wà níbí."

Obìnrin náà kà á fún un, ó ń fi ìka tọ́ ọ sọ́nà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ tán, ó tẹ̀ka, ó kọjá. Èmi náà kọjá lẹ́yìn rẹ̀.