Ìwé Ogún Tí Mo Ń Sá Sóòrùn

Ọdún tí ogun Àbíjàn lé àwọn ènìyàn wa wálé, tí kò sí ojúlé kan ní Èjìgbò tí wọn kò tẹ́ ẹní fún àlejò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọdún náà ni mo tó mọ ohun tó wà nínú ìwé kan tí mo ti ń sá sóòrùn láti ìgbà tí egungun mi ṣì le.

Ìwé ogún bàbá àwọn ọmọ mi ni. Àbíjàn ló ti ní kí akọ̀wé kan bá òun kọ ọ́ ní èdè Faransé, nígbà tí ọmọ wa ò ju ọ̀kan lọ. Ó gbé e fún mi, ó ní, "Tọ́jú ẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá kú ni kí wọ́n tó kà á." A kó wálé, mo sì ń tọ́jú ẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí mo bá kó aṣọ inú àpótí síta kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n, màá tẹ́ ìwé náà sórí odó tí mo dojú rẹ̀ dé, màá fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Mo mọ gbogbo ibi tí wọ́n ti ká a. Mo mọ òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. N ò mọ̀wé, àmọ́ màá wò ó títí, màá ní, ṣé orúkọ mi wà nínú àwọn ìlà tó rí bí ipa èèrà yìí? Ta ni màá bi? Wọ́n á ní mo ń retí ikú ọkọ mi.

Lára àwọn tó sá wálé ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, télọ̀, ó kàwé Faransé dáadáa. Ó bá mi nídìí odó lọ́jọ́ kan. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó mú ìwé, ó kà á tán.

"Tàntí, ilẹ̀ ọ̀nà Masífà yìí, ṣé ti àbúrò ọkọ yín ni?"

"Ilẹ̀ tí a kọ́lé sí yìí? Rárá o."

"Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn. Bàbá ní tí àwọn bá kú, kí àbúrò àwọn gbà á."

Koríko lásán ló wà níbẹ̀ nígbà tó kọ ìwé. Èmi ni mo fi òwò aṣọ kọ́lé sí i lẹ́yìn náà, yàrá mẹ́fà, inú rẹ̀ ni gbogbo wa ń sùn. Àbúrò náà ti kú, àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Ìsùndúnrin, géńdé ọkùnrin.

"Ọmọ mi mélòó ló wà nínú ìwé náà?"

"Ẹyọ kan."

Mẹ́rin ni mo bí.

Bàbá àwọn ọmọ mi wà lórí ẹní ìkírun rẹ̀ nítòsí. "Ta ló ní kí ẹ kà á? Mo ti kú ni?"

"Ẹ ò tíì kú, Bàbá wọn. Tí ẹ bá kú tán, ta ni mo fẹ́ bi?"

Ó wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín. "Àṣé ìwé kì í mọ̀ pé a tún bímọ!"

Ó ránṣẹ́ pe Áfáà, ó pe àwọn ọmọ Ìsùndúnrin. Áfáà ní ogún, Ọlọ́run ti pín in, àmọ́ ohun tí ènìyàn bá fi ta ẹni lọ́rẹ lójú ayé rẹ̀, tí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, ó tán. Ojú wọn ni bàbá àwọn ọmọ mi ti fún mi ní ilẹ̀ náà. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́.

Àgbà nínú àwọn ọmọ náà ní, "Ìyá, ká ní a rí ti àkọ́kọ́ yẹn ni, ẹ̀ bá máa san owó yàrá fún wa!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìwọ tí ò ń bá mi kọ ìtàn yìí, kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí bàbá wọn kú, kò sẹ́ni tó bá wa fa ilé. Èmi náà wá ṣe ìwé tèmi. Mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kejì Iléyá, tí àwọn ará Àbíjàn bá ti wálé, kí wọ́n kà á sí mi létí. Ẹni tó bá bímọ kó sọ, ẹni tó bá ta ilẹ̀ kó sọ, ká tún un kọ. Mo ní ẹ máa sá a sóòrùn o, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kà á ná.