Ọkọ Àǹtí Rachel

Yàrá tó kángun sí kànga ni Àǹtí Rachel ń gbé ní agboolé wa ní Mọ́lípà, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ Ayépé ni. Bàbá rẹ̀, Tíṣà Frederick, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni nílé ìwé ìjọ, òun ló sì ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn títí di òní. Àǹtí Rachel lọ sílé ọkọ nígbà kan. Kò bímọ, wọ́n sì kó ẹrù rẹ̀ síta. Ojú tì í láti padà sí Ayépé, ló bá wá sí Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ó ń gbálẹ̀, ó sì ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́yìn gáréèjì. Nígbà tó yá, kì í ṣe ilẹ̀ gbígbá ló ń bá lọ síbẹ̀ mọ́.

Gbogbo agboolé ló mọ̀. Orúkọ tí àdúgbò ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èébú ni. N kò ní kọ ọ́ síbí.

Lọ́jọ́ Sunday, ó máa ń se ìkọ́kọrẹ́, á sì bù ú káàkiri ojúlé. Àwọn kan á gbà á, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ dà á sẹ́yìn ilé. Ìyá mi máa ń jẹ tirẹ̀. Síkírù náà ń jẹ ẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ni, yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Àǹtí Rachel.

"Àǹtí, ẹja inú èyí ò pọ̀ tó ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá," ni Síkírù máa ń wí.

"Wọ̀bìà," ni Àǹtí Rachel máa fi dá a lóhùn, á sì tún bù kún un.

Nígbà òjò tó kọjá, ìsàlẹ̀ ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í ro Àǹtí Rachel, ara rẹ̀ sì ń gbóná. Ó lọ sí ilé ìwòsàn kan nígboro. Nọ́ọ̀sì tó jókòó síbẹ̀ bi í léèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì ní, "Irú àìsàn yìí, tọkọtaya la máa ń tọ́jú. Bí a bá fún ìwọ nìkan lóògùn, ọkọ rẹ á tún kó o ràn ẹ́. Ọkọ rẹ dà?"

Ìyá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àǹtí Rachel ní, "Ó rìnrìn àjò, ma."

"Tó bá dé, ẹ jọ wá."

Bó ṣe padà wálé nìyẹn. Ìbráhìm oníkẹ́mísì ló lọ bá. Ìyẹn da oríṣiríṣi kápúsù sínú ọ̀rá, ó ní kó máa lò ó láàárọ̀ lálẹ́. Ara rọ̀ ọ́ díẹ̀. Nígbà tí kápúsù tán, ìrora náà padà, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wá ń tẹ̀ rìn bí arúgbó.

Ìyá mi ló mú ìmọ̀ràn náà wá. Ó ní, "Síkírù, ṣé o ò lè ṣe ọkọ fún wákàtí kan?"

"Ìyá Déọlá, èmi tí mi ò tíì rí ìyàwó fẹ́?"

"Má bẹ̀rù," ni Àǹtí Rachel wí. "Mi ò ní bi ẹ́ lówó oúnjẹ."

Ṣùgbọ́n Síkírù kéré sí Àǹtí Rachel dáadáa, láti ọjọ́ tó sì ti dé agboolé ló ti ń pè é ní Àǹtí. Ìyá mi ní kó kọ́ ẹnu rẹ̀. "Ọkọ kì í fi 'ẹ' bá ìyàwó sọ̀rọ̀. Ó yá, sọ pé, 'Rachel, gbé omi wá.'"

Síkírù wo ilẹ̀. "Rachel," ó ní, "ẹ gbé omi wá."

A rẹ́rìn-ín. Àǹtí Rachel náà rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú, tí a sì rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín ló ń ṣe mọ́. Síkírù tún un sọ, ó tún un sọ, títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu.

Síkírù ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún ìyá mi lójú mi. Ó ní àwọn dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ yẹn náà ló wà níbẹ̀. Ó bèèrè orúkọ òun, òun dáhùn. Ó bèèrè iṣẹ́ òun, òun dáhùn. Òun tilẹ̀ sọ pé, "Rachel, mú káàdì rẹ wá," kò sì sí ẹni tó fura. Nọ́ọ̀sì wá ní kí àwọn wọlé lọ bá dókítà. Bí Àǹtí Rachel ṣe fẹ́ dìde, ìrora gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Síkírù sáré gbá a mú.

"Ẹ rọra, Àǹtí," ó ní. "Ẹ dì mí mú."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. "Kí lo pè é?"

Síkírù ń fa Àǹtí Rachel dìde.

"Ọkọ wo ló ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Àǹtí?"

"Bóyá àǹtí ẹ̀ ló fẹ́," ni nọ́ọ̀sì kejì wí, àwọn tó jókòó sì rẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì na ọrùn, ó wo Àǹtí Rachel dáadáa. "Ṣebí òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn gáréèjì lèyí máa ń wà? Àwọn tó ń kó àrùn bá wa lọ́ọ̀dẹ̀ nìyí." Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sún kúrò.

Nọ́ọ̀sì ní, "Irọ́ lẹ wá pa fún wa níbí? Ẹ máa lọ."

"Irọ́ ni ọkọ, ma," ni Àǹtí Rachel wí. "Inú tó ń ro mí kì í ṣe irọ́."

"Mo ní kí ẹ máa lọ. Àwọn ọmọlúàbí ń dúró."

Láti ọjọ́ náà, Àǹtí Rachel ò gbà kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ilé ìwòsàn fún un. Ó ń fi omi gbóná jó ara, ó ń mu àgbo. Síkírù máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ ibòmíràn. Ẹnu mi ni, mo mọ̀."

"Kì í ṣe ẹnu ẹ," ni yóò wí. "Lọ jẹun."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi kan ilẹ̀kùn, kò gbọ́ ohùn. Ilẹ̀ ló ti bá a, ó ń gbọ̀n, ikùn rẹ̀ sì le bíi pákó. Síkírù fi kẹ̀kẹ́ gbé e. Ilé ìwòsàn yẹn ló sún mọ́ wa jù, ibẹ̀ náà ni wọ́n tún gbé e lọ. Ìyá mi jókòó tì í lẹ́yìn, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Àǹtí Rachel fún un ní nọ́ńbà Tíṣà Frederick. "Ẹ má sọ iṣẹ́ mi fún bàbá mi," ó ní.

Àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Dókítà kan tí kò dàgbà púpọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ọyún, irú èyí tó ń wà nínú eéwo, ti kún ibi ilé ọmọ, ó sì ti bẹ́ sínú ikùn. "Èyí ti pẹ́ lára wọn. Kí ló dé tí ẹ ò tètè gbé wọn wá?"

"A wá," ni Síkírù wí.

"Ẹ wá síbo?"

"Síbí."

Dókítà wo àwọn nọ́ọ̀sì. Ó ní kí wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì náà lọ síbi iṣẹ́ abẹ kíákíá.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ṣùgbọ́n Àǹtí Rachel ò la ojú lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Tíṣà Frederick fi máa dé láti Ayépé, wọ́n ti bo ojú rẹ̀. Bàbá gígùn ni, ó wọ kóòtù nínú ooru. Ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì, ó tún ìgbátí aṣọ tí wọ́n fi bò ó ṣe, bíi pé òtútù lè mú un.

Ó bi ìyá mi léèrè irú iṣẹ́ tí ọmọ òun ń ṣe. Ìyá mi ní ó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Tíṣà Frederick mi orí. Ó wo Síkírù, ó ní, "Ìwọ ńkọ́?"

"Àbúrò wọn ni mí, sà. Agboolé kan náà la jọ ń gbé."

"Ẹ ṣeun," ni Bàbá wí. "Ẹ ṣeun gan-an." Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. "Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó lọ́kọ mìíràn, kò gbọ́. Ká ní ó lọ́kọ ni, ọkọ á ti gbé e wá síbí lásìkò."

Ìyá mi wo Síkírù. Síkírù lọ bá Bàbá di apá kan bẹ́ẹ̀dì náà mú, wọ́n sì jọ ń tì í lọ síta.