Iná Orí Kámẹ́rà Bàámi

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Ìkòròdú, ẹni tí iná fídíò kò bá tàn sí lójú kì í gbà pé wọ́n ya òun. Mo mọ̀ pé ẹ ó máa rẹ́rìn-ín, pé èmi náà ń sọ̀rọ̀ ìgbà èwe bí arúgbó. Ẹ rọra o. Ẹni tó bá ti nu eruku orí kásẹ́ẹ̀tì fídíò rí ti di àgbà lọ́dọ̀ ẹ̀yin ọmọ fóònù.

Fídíò ayẹyẹ ni Bàámi ń yà jẹun. Ilé wa kò jìnnà sí Ìpakodò, ariwo ọkọ̀ ojú omi ló máa ń jí wa láàárọ̀. Kámẹ́rà rẹ̀ wúwo lórí èjìká, iná kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ sì wà lórí rẹ̀, tó ń lo bátìrì tó so mọ́ ìbàdí bíi bẹ́líìtì. Bébà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń wé bàtà tuntun nínú páálí, ló máa ń fi bo iwájú iná náà. Yóò fi wáyà gbé e síwájú díẹ̀ kó má baà kan gílóòbù kó jóná. Bí yàrá bá kéré, kò tiẹ̀ ní kọ iná sí ẹnikẹ́ni. Àjà ni yóò kọ ọ́ sí, ìmọ́lẹ̀ á wá rọra padà sọ̀ kalẹ̀ sára èèyàn. Ojú àwọn ìyá arúgbó máa ń jọ̀lọ̀ nínú fídíò rẹ̀.

Àwọn àna rẹ̀ kò rí ti èyí rò. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí Màámi, ìyá rẹ̀ ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Màámi ṣílé, Bàámi lọ bá wọn yà á, ó sì kọ iná sí àjà bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n sì ń bi í pé ìgbà wo ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n Màámi sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn: "Àna wa, iná yín ò mà tàn sí wa lára. Àbí àwọn olówó nìkan lẹ máa ń tàn án sí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàámi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń tún okùn kámẹ́rà tí kò bàjẹ́ ṣe. Ojú tì mí fún un.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wòlímọ̀ mi dé, ìyẹn ọjọ́ tí ọmọ kéwú máa ń ka Kùránì lójú gbogbo èèyàn láti fi hàn pé òun ti parí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni àáfà wa, ilé kéwú ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ ni gbogbo wa sì ti fẹ́ kà á. Bàámi gba Gàréèjì lọ, ó sì ra iná mìíràn, ńlá, tó fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ń tà á tàn án wò lọ́sàn-án gangan, ọlọ́kadà kan tó ń kọjá fọwọ́ bojú, ó sì ṣépè fún wọn. Inú Bàámi dùn sí èpè yẹn. Màámi ní iná náà á pọ̀ jù fún ojú ọmọ. Èmi náà bi í léèrè bébà funfun, ó ní, "Rárá o. Tí mo bá tún bò ó, wọ́n á ní mi ò yà á."

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ni wàláà, pátákó ìkéwú tí mo fẹ́ gbé dání kà. Ìyá Màámi ti gbé e fún káfíńtà, wọ́n fi ọ̀dà kọ súrà sí i, wọ́n sì kun fáníìṣì lé e lórí títí ó fi ń dán bíi dígí. Ẹ̀ṣọ́ ni, wọ́n fẹ́ràn mi ni.

Lọ́jọ́ náà, ìta ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ka tiwọn lábẹ́ tapólì. Ó ku èmi nìkan nígbà tí òjò dé, tí gbogbo wa sì sá wọ inú gbọ̀ngán. Kò sí iná mànàmáná, ibẹ̀ ṣú dùdù. Bàámi wá tan iná tuntun. Háà, ẹ ò rí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ bí wọ́n ṣe ń tún gèlè àti fìlà ṣe. Ẹ̀gbọ́n Màámi ní, "Ẹn-ẹ́n, èyí ni fídíò." Mo dìde, mo ṣe Bísímílà, mo wo wàláà mi. Mi ò rí nǹkan kan. Iná yẹn bà lé fáníìṣì, ó sì ta padà sójú mi, gbogbo rẹ̀ funfun báláú. Èyí tí mo mọ̀ sórí náà fò lọ. Àáfà sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ fún mi, ẹnu mi kò gbé e. Láti ẹ̀yìn ni bàbá kan ti ní, "Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ṣé kéwú lẹ kọ́ ọmọbìnrin yìí ni àbí orin?" Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn yé mi.

Lójijì, iná kú. Àwọn èèyàn kùn. Nígbà tí ojú mi balẹ̀, mo fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó ń gba fèrèsé wọlé kà á parí. Wọ́n yìn mí. Ṣùgbọ́n bí àdúrà ṣe bẹ̀rẹ̀, Bàámi tún tan iná náà sí àwọn àgbà lójú. Ó yé mi nígbà náà pé bátìrì kò kú. Fún èmi nìkan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Mo sọ fún ara mi pé ojú ti bàbá mi, kò fẹ́ kí àbùkù mi wà nínú kásẹ́ẹ̀tì òun.

Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí a fi délé. Ó gbé iná ńlá náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì gbé e jáde mọ́. Ní gbogbo Iléyá tí Màámi bá fẹ́ fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn han àlejò, èmi ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Bàámi máa ń fi ojú tẹ̀ lé mi títí mo fi jáde. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé inú ilé kan náà, tí mo gbà pé bàbá mi ń fi mí tijú.

Lẹ́yìn tó kú, mo ní kí wọ́n bá mi yí kásẹ́ẹ̀tì náà sínú fóònù, kí àwọn ọmọ mi lè gbọ́ ohùn bàbá àgbà wọn. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó. Mo rí ara mi, ojú mi funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún, tí mò ń ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, àwòrán ṣókùnkùn. Mo gbọ́ Màámi tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà: "Ẹ tan án padà, ẹ ò ní rí i yà o." Bàámi dáhùn pé, "Jẹ́ kó ṣókùnkùn. Ọmọ mi ni kó ríran."

Lónìí, ẹ̀yin ọmọ ń to iná roboto yí ara yín ká kẹ́ ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ kan, fóònù yín sì ń ríran nínú òkùnkùn ju ológbò lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Fídíò tèmi ní ibì kan tó ṣókùnkùn, tí kò sí ojú ẹnikẹ́ni, ohùn ọmọbìnrin kan tó ń ka súrà ló wà níbẹ̀, àti èémí ọkùnrin kan tó dúró tì í. Bí mo bá ti ń gbọ́ èémí yẹn, ojú máa ń tì mí, nítorí gbogbo Iléyá tí mo fi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé.