Nígbà Tí Mo Dí Fóònù Mi Mọ́ Àjèjì

Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, ìpè tó ń wọ orí fóònù mi kò pọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ máa ń pè lọ́jọ́ Ìsinmi. Láàárín ọ̀sẹ̀, ohùn ẹ̀rọ ló kù: obìnrin kan tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tó ń sọ pé kí n wá ra orin sórí ìlà mi. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn mo máa ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kí n tó pa fóònù.

Lọ́jọ́ tó pè mí lẹ́ẹ̀mẹfà kí n tó jẹun ọ̀sán, ó sú mi. Mo gun ọ̀kadà lọ sí àdúgbò Fájuyì, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe.

Ó ní, "Bàbá, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún iléeṣẹ́ fóònù yín pé ẹ kò fẹ́ ìpolówó. Èkejì, fóònù fúnra rẹ̀ lè máa dá ìpè nọ́ńbà tí ẹ kò bá tọ́jú síbẹ̀ padà."

"Bá mi ṣe méjèèjì."

Fóònù dákẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, ara tù mí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wò bóyá iná ti tán nínú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, láti Ìgbẹmọ. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó bú sẹ́kún.

"Mo rò pé o ti kú sí ulé."

Fóònù tirẹ̀ ló já sómi. Ti ẹlòmíràn ló fi ń pè mí láti ọjọ́ mẹ́ta, kò sì wọlé.

"Ẹ má bínú. Èmi ni mo dí i."

"O dí i mọ́ mi?"

"Mo dí i mọ́ àwọn tí n kò mọ̀."

Mo se iṣu, a jẹ ẹ́. Ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà aládùúgbò kan tí òun lè máa pè. Mo ronú títí, n kò ní ti ẹnì kankan.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, mo kan ilẹ̀kùn ìyá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tí a ti ń kí ara wa, n kò wọ ilé rẹ̀ rí. Ó fún wa ní nọ́ńbà rẹ̀, ó sì ní ká jókòó. Lọ́jọ́ kejì, mo padà sí Fájuyì kí obìnrin yẹn bá mi tú ọ̀nà kejì, èyí tó ń dá ìpè àjèjì padà. Mo jẹ́ kí ti àkọ́kọ́, ti ìpolówó, wà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, bí nọ́ńbà tí n kò mọ̀ bá pè, mo máa ń gbé e kíá.