Ṣúgà Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Màmá Mi

Ẹ jókòó, kí n sọ ohun tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi.

Ìgbà tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ́wọ́ mẹ̀kúnnù ni, ààwẹ̀ bọ́ sígbà ọyẹ́. Màmá mi ń ta rodo ní Mile 12, ìsọ̀ tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo yà sẹ́yìn apẹ̀rẹ̀ wọn, mo bá wọn tí wọ́n ń lá ṣúgà. Nínú ààwẹ̀!

Ṣé mo pè wọ́n sí kọ̀rọ̀? Rárá o. Ẹnu mi yìí ni mo fi pariwo pé Àlájà ń jẹun nínú ààwẹ̀. Gbogbo ọjà yíjú sí wa. Màmá fi ìborùn bo ẹnu, wọ́n ní òòyì ló ń kọ́ àwọn, ara àwọn ń gbọ̀n. Mo ní ta ni òòyì kì í kọ́ nínú ààwẹ̀? Mo já ṣúgà náà gbà, mo jù ú sí gọ́tà.

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò fi nǹkan kan ẹnu mọ́ títí oòrùn fi ń wọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ń fi orúkọ àǹtí mi tó ti kú pè mí. Kí n tó dìde, wọ́n ti ṣubú lu apẹ̀rẹ̀ rodo.

Dókítà ní ẹ̀dọ̀ wọn ti bàjẹ́ tipẹ́. Ibà pọ́njú tá à ń fi àgbo wò fún wọn lọ́dọọdún, kì í ṣe ibà lásán. Ó ní ẹ̀dọ̀ ló ń tọ́jú díẹ̀ pamọ́ nínú oúnjẹ tá a bá jẹ, bí ẹni da gàrí sínú ike. Tá ò bá jẹun, òun ló ń bù ú fún ara díẹ̀díẹ̀, kí agbára má bàa tán. Ike ti màmá mi ti lu. Ṣúgà yẹn ló ń gbé wọn dé àkókò ìṣínu.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n tún lò láyé. Kí wọ́n tó kú, mo tọrọ àforíjì, wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí. “Ṣùgbọ́n bá mi sọ fún wọn lọ́jà pé àìsàn ni.”

Áfáà tó wá kírun sí wọn lára ní aláìsàn kì í fi dandan gbààwẹ̀, oúnjẹ la máa fún tálákà dípò. Mọ́sáláṣí wọn ò jìnnà sí ìsọ̀ wa. Mi ò lọ béèrè kí n tó pariwo.

Mo padà sọ́jà, mo ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, mo ń sọ fún wọn pé àìsàn ni. Ìyá kan gbá mi mọ́ra, wọ́n ní kí n má sunkún mọ́, Ọlọ́run á forí ààwẹ̀ tí màmá mi jẹ jì wọ́n.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Tí àgbà yín bá ní ara àwọn ò dá, ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó la ẹnu. Ta ló tún ti dójú ti ẹni ẹ̀ báyìí rí? Ẹ sọ tiyín, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.