Wọ́n Ní Kí Òkú Dìde Kí Wọ́n Pàtẹ́wọ́ fún Un

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni Thelda Brekke kú nílùú wa, Harlan Fork. Òun ló ya àsíá ìpínlẹ̀ yìí nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀: pápá àlìkámà, odò, ẹyẹ kan ṣoṣo lókè. Lọ́jọ́ tí a sin ín, àsíá yẹn wà lókè téńté níwájú ilé aṣòfin. Ẹnì kankan ò fà á wálẹ̀ dé ìdajì òpó láti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó ṣiṣẹ́ fún ìjọba nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Wọ́n ṣe é fún ajá ọlọ́pàá kan lọ́dún tó kọjá.

Kí ni Thelda tiẹ̀ bèèrè? Ère ni àbí títì? Òfin àsíá ní ọ̀gágun kan ló ya á, ọkùnrin tí kò lè ya igi kó dúró. Thelda fẹ́ kí wọ́n pa orúkọ yẹn rẹ́, kí wọ́n kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ nínú ìdánwò pé ta ló ya àsíá, ó kọ “ìyá àgbà mi”, olùkọ́ fún un ní òdo. Òdo yẹn ló dùn ún jù.

Ló bá ń lọ sílé aṣòfin lọ́dọọdún. A kì í lọ rí aṣòfin lọ́wọ́ òfo níbí, nítorí náà ó ń gbé páì rúbáàbù dání, àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi ewébẹ̀ kíkan kan sínú rẹ̀. Sẹ́nétọ̀ Merle Hostetter, alága ìgbìmọ̀ tí àbádòfin láti yí orúkọ yẹn padà wà lọ́wọ́ rẹ̀, á jẹ ẹ́, á lá ìka.

“Màmá, ọwọ́ yín ò ní í kán o! Ọ̀rọ̀ yín wà lọ́kàn mi. Ẹ jẹ́ ká rí i lọ́dún tó ń bọ̀.”

Nígbà tí ọdún tó ń bọ̀ dé, wọ́n jókòó, wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n sì sọ páì rúbáàbù di páì ìpínlẹ̀ lábẹ́ òfin. Páì Thelda ló wà lẹ́nu wọn bí wọ́n ṣe ń dìbò. Nígbà tí mo lọ kí i, ẹ̀rín ló ń rín.

“Ká ní páì ni mí ni, wọn ì bá ti fi mí ṣòfin tipẹ́.”

Ó kú tán, àánú wá ṣe wọ́n. Akọ̀wé Hostetter pe Janelle, ọmọ Thelda, lórí fóònù.

“A fẹ́ dìbò lórí ọ̀rọ̀ àsíá Màmá. Ṣé wọ́n lè wá jókòó lókè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Tá a bá ti pe orúkọ wọn, kí wọ́n kàn dìde, a ó pàtẹ́wọ́.”

“A ti sin wọ́n. Àbí kí n lọ hú wọn wá ni?”

“Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Màá sọ fún ọ̀gá.”

Ọ̀gá wo? Ọ̀rọ̀ náà ò dé etí rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n dìbò, òfin tó fi orúkọ Thelda rọ́pò ti ọ̀gágun wọlé, Hostetter nawọ́ sí ìjókòó àlejò lókè: “Màmá Thelda wa ọ̀wọ́n, ẹ dìde!” Ìyá arúgbó kan tó wá wòran láti ìlú mìíràn rò pé àlejò ni wọ́n ń kí. Ló bá dìde. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ wàá.

“Ẹ wò wọ́n,” ni Hostetter wí, “wọn ò yí padà rárá!”

Ẹnu wọn mọ páì, ojú wọn ò mọ ẹni tó ṣe é. Ṣé ojú ò tiẹ̀ tì yín ni? Ẹ fa àsíá yẹn wálẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan péré, bí ẹ ti ṣe fún ajá. Ẹ pa òdo ọmọ yẹn rẹ́. Kí Hostetter lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Janelle, kó má sì lọ lọ́wọ́ òfo.

Merle, o ní kí òkú dìde. Òkú ò lè dìde. Ìwọ tó lè dìde, dìde kúrò lórí àga yẹn.